Ọlọ́run Pa Mí Lẹ́rìn-ín

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi o.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ìyá kan nínú ìjọ wa wá rí mi. (Ó gbà mí láyè kí n kọ ọ́ síbí, bí n kò bá sáà ti dárúkọ.) Kò tíì jókòó dáadáa tí omi fi lé ròrò sójú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní yunifásítì ló pè é lórí fóònù pé ìṣirò owó tí òun ń kọ́ ti sú òun, eré orí ìtàgé lòun fẹ́ kọ́, òun fẹ́ máa pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín. "Pásítọ̀, aláwàdà! Ṣé torí kó lè wá di aláwàdà ni mo ṣe ń fi gbogbo òru tọ́jú àwọn arúgbó?"

Mo gbàdúrà fún un, a jọ ṣe àmín, ó lọ. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, àdúrà náà kò kún ẹnu mi. Bí mo ṣe ń wakọ̀ lọ sílé, ojú ọkùnrin sísanra kan tó máa ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé ni mo ń rí.

Ọdún 1987 ni mo kọ́kọ́ rí i. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Yàrá kan ṣoṣo ni mo háyà, ẹni tó bá sì fẹ́ kí yàrá náà móoru, àfi kó máa fi owó ẹyọ sínú ẹ̀rọ kan lára ògiri. N kò tíì rí ìjọ tí n ó máa lọ. Bí òtútù bá ti lé mi wọ abẹ́ aṣọ ìbora ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, mo máa ń tan tẹlifíṣọ̀n kékeré tí ẹni tó kó kúrò nínú yàrá náà fi sílẹ̀. Ètò kan wà lórí ITV tí wọ́n ń pè ní Highway. Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan wọ́n á gbé e lọ sí ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Britain. Ọkùnrin sísanra yìí á jókòó ti àwọn ará ibẹ̀, á ní kí wọ́n sọ ohun tí ojú wọn ti rí láyé àti bí ìgbàgbọ́ ṣe gbé wọn dúró. Lẹ́yìn náà á dìde, á sì gbé orin ìsìn sókè pẹ̀lú ohùn tẹ́nọ̀ (ohùn òkè ti ọkùnrin) tó lè ṣí òrùlé kúrò lórí ilé. Harry Secombe lorúkọ rẹ̀.

Èmi fojú kéré rẹ̀. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ti pẹ́ nílùú pé àpárá ló ń dá lórí rédíò tẹ́lẹ̀, mo wá ń sọ nínú ara mi pé, kí lẹni tó ń ṣe bí òmùgọ̀ lórí rédíò mọ̀ nípa Ọlọ́run? Ó pẹ́ kí n tó wádìí ìtàn ọkùnrin náà. Nígbà tí mo sì wádìí rẹ̀ tán, ojú tì mí díẹ̀.

Swansea ní gúúsù Wales ni wọ́n ti bí i ní 8 September 1921, ní àdúgbò St Thomas. Ẹ mọ̀ pé orin kò jìnnà sí ẹnu ará Wales. Ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni òun náà ti kọ́ bí a ti ń kọrin. Ní nǹkan bí ọmọ ọdún 12, òun àti ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin, Carol, ti ń ṣe eré apanilẹ́rìn-ín níbi àpèjẹ ìjọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí ibi tí àwàdà náà ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ilé ọtí. Inú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni, níwájú àwọn ìyá ìjọ tó ń bu tíì.

Ó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní 1937, ó sì ríṣẹ́ akọ̀wé tó ń ṣírò owó iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ yẹn nínú ìtàn rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo rántí ọmọkùnrin ìyá tó wá rí mi yẹn. Owó ni Harry náà kọ́kọ́ ń ṣírò!

Ogun ló fà á kúrò nídìí ìwé owó. Ní 1938 ó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun abẹ́lé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà rárá. Ló bá ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ka àwọn lẹ́tà tí wọ́n fi ń dán ojú wò fún òun, ó há a sórí, ó sì yege. (Irọ́ ni o. Ẹ̀yin tó fẹ́ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀, mi ò rán yín níṣẹ́.) Báyìí ni afọ́jú-díẹ̀ ṣe di ọmọ ogun tó ń yin ìbọn àgbá, tó jà ní Àríwá Áfíríkà, ní Sísílì àti ní Ítálì. Ìtàn kan wà tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mìíràn máa ń sọ títí tí wọ́n fi dàgbà. Ní Àríwá Áfíríkà, àgbá ńlá kan ta padà sẹ́yìn, ó yí gbirigbiri láti orí òkè, ó sì já bọ́ nítòsí ọkọ̀ tí Harry àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Gbogbo wọn ti rò pé ọ̀tá ti dé. Kò pẹ́ ni ọmọ ogun kan yọ orí wọlé tó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni rí ìbọn àgbá kan. Harry sì bi í pé, "Àwọ̀ wo ni?" Spike Milligan, tí òun náà wá di aláwàdà, lẹni tó ń wá àgbá yẹn. Ọ̀rẹ́ wọn kò tú mọ́ títí ikú fi yà wọ́n.

Ní Sísílì wọ́n mú un sínú ẹgbẹ́ tó ń dá àwọn ọmọ ogun lára yá. Ibẹ̀ ló ti mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ẹ rò ó wò: ọ̀dọ́mọkùnrin tó sin ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, tí kò mọ̀ bóyá òun alára á rí ọ̀la, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní alẹ́, ẹnì kan dúró níwájú rẹ̀ tó ń yí ojú po, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bí a bá gbé pásítọ̀ lọ bá ọmọ yẹn ní wákàtí yẹn, kí la fẹ́ sọ tó máa ju ìyẹn lọ? Òwe 17:22 ní, "Inú dídùn mú ìmúláradá rere wá: ṣùgbọ́n ìbìnújẹ́ ọkàn mú egungun gbẹ." Àwa a máa ka ẹsẹ yẹn fún aláìsàn, a ó sì tún máa bínú sí ẹni tí Ọlọ́run fún ní oògùn náà láti pò.

Lẹ́yìn ogun, ní 1946, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Windmill Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù. Mi ò ní rán ọmọ yín lọ síbẹ̀, torí àwọn obìnrin tó ń dúró ní ìhòòhò lórí ìtàgé ni èrò wá wò. Aláwàdà kàn ń dí àlàfo ni. Eré tí Harry ń ṣe ni bí oríṣiríṣi èèyàn ṣe ń fá irùngbọ̀n. Ẹni tó bá lè mú irú èrò bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín nítorí irùngbọ̀n, ó ti kọ́ṣẹ́ jáde. Ọdún yẹn kan náà ló pàdé Myra níbi ijó kan ní Mumbles, lẹ́bàá Swansea. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1948, wọ́n bí ọmọ mẹ́rin, wọ́n sì wà pa pọ̀ ní ọdún 53 títí ó fi kú. Nínú iṣẹ́ eré, níbi tí ìgbéyàwó ti ń tètè tú bí ìdì aṣọ tí a kò so, èmi kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti 1951 dé 1960, òun, Spike Milligan àti Peter Sellers (Michael Bentine náà wà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀) ṣe eré The Goon Show lórí rédíò BBC. Neddie Seagoon ni Harry máa ń jẹ́, ọ̀dẹ̀ ọlọ́kàn-rere tí gbogbo ayé ń tàn jẹ. Ohùn orin sì wà nílẹ̀, kò fi í jẹrà. Ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ ará Ítálì kan, Manlio di Veroli. Àwọn ará Ítálì ń pe ọ̀nà ìkọrin dáradára wọn ní bel canto. Harry ní tòun ń jẹ́ "can belto", pé igbe lòun mọ̀ ọ́n ké. Igbe náà gbé e débi Pickwick ní 1963, wọ́n sì gbé eré orin náà lọ sí New York ní 1965. Ní 1968 ó ṣe Ọ̀gbẹ́ni Bumble nínú fíìmù Oliver!, òṣìṣẹ́ ìjọ tí ikùn rẹ̀ yọ síta tó ń fi ebi pa ọmọ aláìníyàá. Ẹ̀yin díákónì, ẹ lọ wá a wò.

Ohun tí mo ti ń fẹ́ sọ láti àárọ̀ nìyí. Harry ní ẹ̀gbọ́n kan, Fred. Àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà ni Fred. Ilé kan náà, ìyá kan náà, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà: ọ̀kan wọ kọ́là, èkejì ń ṣe bí ọ̀dẹ̀ níwájú gbohùngbohùn. Bí ó bá jẹ́ láàárín wa ni, a mọ ẹni tí a ó fi ṣe ẹ̀rí níwájú ìjọ, a sì mọ ẹni tí a ó máa kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àdúrà "àwọn ọmọ tó ṣìnà". Ṣùgbọ́n Fred àlùfáà dàgbà tán, ó kọ ọ̀wọ́ ìwé nípa iṣẹ́ àlùfáà rẹ̀, ìwé tó ń pani lẹ́rìn-ín. Harry aláwàdà dàgbà tán, láti 1983 dé 1993, ó ń wọ inú ilé àwọn èèyàn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi pẹ̀lú orin ìsìn, títí kan àwọn tí kò ní gbà kí àlùfáà kankan tẹ ẹnu ọ̀nà wọn. Títí kan ọmọ Yorùbá kan lábẹ́ aṣọ ìbora tí kò ní ìjọ.

Sara náà rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rín àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìlẹ̀kùn àgọ́, ẹ̀rín àìgbàgbọ́ ni, ó tiẹ̀ sẹ́ ẹ. Ìgbà tó gbé Ísáákì dání ló wá wí pé, "Ọlọ́run pa mí lẹ́rìn-ín, gbogbo ẹni tí ó gbọ́ yóò sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú mi." Ẹ wò ó dáadáa, Ọlọ́run ló pè ní apanilẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rín ni mo ń gbè lẹ́yìn o. Àwọn kan wà lórí fóònù yín tó jẹ́ pé arọ àti ìyá arúgbó ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ kí wọ́n lè rówó. Ara rẹ̀ ni Harry fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí Ọbabìnrin fi oyè Sir dá a lọ́lá ní 1981, ó ní Sir Cumference lorúkọ òun, torí bí ikùn òun ṣe yí po. Àìsàn inú kan tó fẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀ ní 1980 ló sì jẹ́ kó gbọ́ràn sí dókítà lẹ́nu, tó já ara rẹ̀ láti nǹkan bí kílò 120 dé 91. (Èmi náà ti gbọ́, ìyàwó mi, má bínú.)

Ní 1997 àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Ní 1998 wọ́n rí jẹjẹrẹ lára rẹ̀. Rọpárọsẹ̀ tún padà ní 1999, ó sì fòpin sí iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Kò sá pa mọ́. Ó gbà kí kámẹ́rà wọlé, kí àwọn tó ti gbọ́ ohùn ńlá yẹn fún àádọ́ta ọdún rí i bí ó ṣe ń jà láti sọ ọ̀rọ̀. Èmi mọ bí ó ti ṣòro fún wa láti sọ fún ara wa nínú ìjọ pé ara wa kò yá. Ó kú ní 11 April 2001, ẹni ọdún 79.

Spike Milligan ti máa ń fi í ṣàwàdà tipẹ́ pé kí Harry jọ̀wọ́ kú ṣáájú òun, torí òun kò fẹ́ kó wá kọrin níbi ìsìnkú òun. Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ní February 2002, kò tíì pé ọdún kan, Spike náà kú. Nígbà tí wọ́n péjọ síbi ìsìn ìrántí rẹ̀, wọ́n tẹ àwo orin kan sí i. Harry ló ń kọrin.

Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, bí ọmọ náà bá wálé ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ ní kó dúró dè mí lẹ́yìn ìsìn. Kó mú èyí tó ti ṣe nínú àwọn eré náà dání, kó sì sọ fún mi bóyá ó lè kọ tẹ́nọ̀. Kò sí tẹ́nọ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin wa láti oṣù Kẹta.