Àjọkẹ́, mọ aago òògùn kó o tó gbé e mì

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Àwọn òògùn tí mo dì sínú àpò kékeré nínú báàgì rẹ, kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn ń jù sẹ́nu nítorí pé ara ń ro ó. Ibi tí wọ́n ń rán ọ lọ fún iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ yìí, kẹ́míìsì gidi lè jìnnà sí ọ, nítorí náà mo fẹ́ kó o mọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe, àti bí wákàtí rẹ̀ ṣe gùn tó. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ orúkọ òògùn, wọn ò mọ aago rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Paracetamol la fojú di jù nínú gbogbo wọn. Hóró kan jẹ́ 500mg. Àgbàlagbà lè lo ẹyọ kan tàbí méjì, kó sì jẹ́ kí wákàtí 4 sí 6 kọjá kó tó tún lo òmíràn. Kò gbọ́dọ̀ ju hóró 8 lọ láàárín wákàtí 24. Ìwọ tó o rí tẹ́ẹ́rẹ́, tí o ò bá tíì pé kílò 50, má kọjá 6. Ó máa ń mú kí ara tó gbóná rọlẹ̀, ó máa ń dín ìrora kù, àmọ́ kò pa kòkòrò kankan. Ẹ̀dọ̀ ló ń tú u palẹ̀. Bó ṣe ń tú u, májèlé díẹ̀ máa ń jáde lára rẹ̀, ẹ̀dọ̀ sì ní èròjà kan tó fi ń rọ májèlé náà lọ́wọ́. Èròjà yẹn níwọ̀n. Tó bá tán, ẹ̀dọ̀ gan-an ni májèlé máa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ohun tó ń já mi láyà ni pé ẹni tó lò ó ní àlòjù lè má rí ju èébì díẹ̀ lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó rò pé ó ti tán. Òògùn tí wọ́n fi ń gbà á sílẹ̀, acetylcysteine, máa ń ṣiṣẹ́ jù lọ tí wákàtí 8 ò bá tíì kọjá. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ ń sọ pé kò sí nǹkan tó ń ṣe òun.

Yí ẹ̀yìn páálí òògùn ọ̀fìnkìn padà, kó o ka lẹ́tà wínníwínní tó wà níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, wàá rí paracetamol 500mg lórí rẹ̀, pẹ̀lú chlorpheniramine tó ń kunni lóorun. Tó o bá lo méjì nínú rẹ̀, tó o tún lo Panadol (paracetamol ni òun náà) méjì nítorí orí fífọ́, 2000mg lo gbé mì lẹ́ẹ̀kan náà, o ò sì mọ̀. Níbi tí wọ́n bá kọ acetaminophen sí, bí wọ́n ṣe ń pè é ní Amẹ́ríkà nìyẹn, òun kan náà ni.

Ibuprofen àti diclofenac, ọmọ ìyá ni wọ́n, má pa wọ́n pọ̀ láé. Tí ibì kan bá fara pa, ara máa ń pèsè èròjà tó ń mú ibẹ̀ wú, tó sì ń mú kó máa dunni. Àwọn òògùn yìí ń dí ọ̀nà tí ara ń gbà pèsè rẹ̀. Èyí ni wọ́n fi dára fún inú rírun nǹkan oṣù àti ẹsẹ̀ tó rọ́. Ṣùgbọ́n èròjà yẹn kan náà ló ń dáàbò bo inú ikùn kí ásíìdì má baà jẹ ẹ́, òun ló sì ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ráyè wọ kíndìnrín. Nítorí náà, jẹun kó o tó lò wọ́n. Ti ibuprofen jẹ́ 400mg lẹ́ẹ̀kan, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lójúmọ́. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ikọ́ fée (asthma) tàbí àìsàn kíndìnrín, àti aláboyún, kò gbọ́dọ̀ dán wọn wò láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Tí ìgbẹ́ gbuuru bá ti fa omi ara rẹ gbẹ, má fọwọ́ kàn wọ́n.

Ó wá kan màléríà. Kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni màléríà, nítorí náà jẹ́ kí wọ́n gún ọ níka, kí wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sójú àyẹ̀wò pẹlẹbẹ nì. Tí ilà bá jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ C àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ T, kòkòrò wà níbẹ̀. Tí ilà C ò bá jáde rárá, àyẹ̀wò yẹn ti bàjẹ́, kí wọ́n mú òmíràn. Má ṣe padà lọ ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì láti mọ̀ bóyá òògùn ṣiṣẹ́, torí àmì kòkòrò lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kú.

Èyí tí mo dì fún ọ ni artemether-lumefantrine 80/480, hóró 6. Lo ọ̀kan, lo èkejì lẹ́yìn wákàtí 8, lẹ́yìn náà kó o máa lo ọ̀kan láàárọ̀ àti ọ̀kan lálẹ́ fún ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e. Òògùn méjì ló wà nínú hóró kan. Artemether ló ń pa ogunlọ́gọ̀ kòkòrò kíákíá, àmọ́ láàárín wákàtí díẹ̀ ó ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Lumefantrine ló ń pẹ́ níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, tó ń ṣa àwọn tó ṣẹ́ kù. Lọ́jọ́ kejì ara á ti fúyẹ́, ọ̀pọ̀ á sì kó hóró tó kù pamọ́ de ọjọ́ mìíràn. Àwọn kòkòrò tó ṣẹ́ kù yẹn ló máa bí sí i, tí wọ́n á ní ibà náà tún padà dé. Ọ̀rá ló ń gbé lumefantrine wọnú ẹ̀jẹ̀: fi àkàrà, ẹ̀wà olóróro tàbí mílíìkì sí i, ẹ̀kọ lásán ò tó. Tó o bá bì í kí wákàtí kan tó pé, tún un lò. Ẹni tó bá ń ṣe ìrànrán, tí gìrì mú, tàbí tí ohunkóhun ò dúró níkùn rẹ̀, òògùn ẹnu ò ká a mọ́, abẹ́rẹ́ artesunate ló ń fẹ́.

Ní ti amoxicillin, mọ èyí: bakitéríà ní ògiri, ó sì ní láti mọ ògiri tuntun kó tó lè bí sí i. Amoxicillin ń dá iṣẹ́ bíríkìlà yẹn dúró, ògiri á ya, omi á rọ́ wọlé, á bẹ́. Fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ọ̀fìnkìn kò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí amoxicillin fẹ́ ṣe fún un. Bẹ́ẹ̀ ni má gbé Ampiclox, òògùn bakitéríà bíi tirẹ̀, mì láti fi “fọ inú” lẹ́yìn nǹkan oṣù, mo bẹ̀ ọ́. Tí dókítà bá kọ amoxicillin fún ọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, wákàtí 8 sí 8 ló túmọ̀ sí, torí kíndìnrín máa ń tètè tọ̀ ọ́ dànù. Tí nǹkan bá sú jáde lára rẹ, tí ètè wú, tàbí èémí ò já geere, dá a dúró kó o sáré lọ sílé ìwòsàn.

Fún ìgbẹ́ gbuuru, ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi) ni kó o kọ́kọ́ nawọ́ sí, kì í ṣe Flagyl. Fọwọ́ rẹ, da omi pure water 50cl méjì sínú ike mímọ́, kí lítà kan pé géérégé, kó o da gbogbo lẹ́búlẹ́bú inú ọ̀rá ORS kan sí i, kó o rò ó. Ṣúgà inú rẹ̀ ló ń fa iyọ̀ gba ara ìfun kọjá, omi á sì tẹ̀ lé wọn. Má dín omi kù pé kó lè lágbára, torí tí iyọ̀ bá pọ̀ jù, omi ara ló tún máa fà jáde. Máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Kọ aago tó o pò ó sára ike náà, tó bá ti di irú àsìkò yẹn lọ́jọ́ kejì, da ìyókù nù, kó o po òmíràn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ