Máàkì Òyìnbó Ló Kó Mi Lówó Lọ, Ẹ Má Sọ Pé Rifíù Géèmù Ò Ní Agbára

Olóòtú wa,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde, torí inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ kí inú yẹn rọ̀ kí n tó kọ ọ́ tán. Ẹnì kan kọ̀wé sí yín láìpẹ́ yìí pé kò sẹ́ni tó ń tẹ̀lé rifíù géèmù mọ́, ìyẹn àlàyé táwọn kan máa ń kọ nípa bí géèmù ṣe dáa sí kí wọ́n tó fún un ní máàkì, pé àwọn oníwèé ìròyìn òyìnbó kàn ń sọ tẹnu wọn ni, ọmọ Ìbàdàn tó bá fẹ́ ra géèmù, ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló máa bi. Èmi náà kà á, mo mi orí, mo ní òótọ́ ni jàre. Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni mo wá rí i pé irọ́ ni. Máàkì táwọn òyìnbó fún géèmù ló kó 38,000 náírà lápò mi, dátà ò tíì sí níbẹ̀ o.

Ilé géèmù ni mo ní, ní Agbowó níbí. Tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta, ẹ̀rọ géèmù PS4 tòkunbọ̀ mẹ́ta, bẹ́ǹṣì mẹ́rin àti fáànù kan tó ń dún bí ewúrẹ́ tó ń rọbí. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, pádì tí wọ́n ń dì mú gbá géèmù ni mo bá lọ sí Dùgbẹ̀, torí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń tẹ pádì bí ẹni ń gúnyán, oṣù méjì ò lè pé kí bọ́tìnnì kan má rì. Mo ti ra pádì tán, mo ti fẹ́ máa lọ, ni bọ̀bọ́ tó ń tajà bá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró ná, ẹ wo eléyìí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni." Ó yí fóònù ẹ̀ sí mi. Àpótí kékeré aláwọ̀ ewé kan wà lójú ẹ̀, wọ́n kọ 91 sínú ẹ̀. Kò ṣàlàyé kankan. Ó kàn fi èékánná gbá 91 yẹn lẹ́ẹ̀mejì, kó-kó, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọmọ tó bá gba 91 nínú ìṣirò, ta ni ò ní pọ́n ọn lé? Ó pe 45,000, a nájà, a nájà, ó gbà 38,000. Ṣé mo ka ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ 91 yẹn? Mi ò ka ẹyọ kan.

Mo délé, mo ti sídì bọnú ẹ̀rọ, ó ní òun ń fẹ́ dáńlóòdù 58GB kóun tó ṣí. Mo nu ojú, mo tún un kà. 58GB! Sídì tí mo fowó gidi rà o, kì í ṣe pé mo ní kẹ́nì kan fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ra dátà, mo tan họ́tísípọ́ọ̀tì fóònù mi, mo gbé fóònù náà sórí fèrèsé níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dé, mo ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò ẹ̀wà. Ó dé ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún, NEPA mú iná. Mo tan jẹ́nẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Láàárín Sátidé sí ọjọ́ Ajé, dátà 17,000 náírà àti epo jẹ́nẹ́ tí mi ò tiẹ̀ fẹ́ kà ló bá a lọ.

Ó wá ṣí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Àwọn sítúdẹ́ǹtì ti pé jọ, mo ti ń ṣe fáàrí fún wọn látàárọ̀ pé ọjà tuntun dé. Géèmù náà rẹwà, kí n má purọ́ mọ́ ọn, omi inú ẹ̀ ń dán, ewé igi ń mì. Ọkùnrin kan ló ń rìn nínú igbó, ó ń rìn, ó ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀, ó tún ń rìn. Ọ̀kan nínú wọn wá gbé pádì kejì dání, ó ń yí i sọ́tùn-ún sósì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibo leléyìí máa wọlé sí?" Kò síbi tó máa wọlé sí. Géèmù ẹnì kan ṣoṣo ni. Nílé géèmù tó jẹ́ pé méjì-méjì ni wọ́n ń jókòó, tẹ́ni tó bá pàdánù máa dìde fẹ́lòmíì! Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ fi bọ́ọ̀lù sí i."

Mi ò ní dárúkọ géèmù náà, mi ò sì ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ mi kọjá ìyẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé máàkì ló mú mi rà á. Kì í ṣe rifíù o, máàkì. Rifíù lè gùn tó ojú ìwé mẹ́ta, ó ṣeé ṣe kẹ́ni tó kọ ọ́ ti sọ ọ́ níbì kan níbẹ̀ pé ẹnì kan ló ń gbá a, àmọ́ ojú ìwé mẹ́ta yẹn ò bá ọkọ̀ wá sí Dùgbẹ̀. Nọ́ńbà nìkan ló wá. Ẹni tó sọ pé rifíù ò ní agbára lórí ohun tá à ń rà ò ráàyè wo ọwọ́ àwọn ọlọ́jà ni, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń tajà fún wa lójoojúmọ́.

Mo gbà pé bọ́ọ̀lù yàtọ̀. Kò sí rifíù tó lè dá ọmọ Ìbàdàn dúró lórí bọ́ọ̀lù. Nígbà tí géèmù bọ́ọ̀lù FIFA yí orúkọ padà di EA Sports FC lọ́dún 2023, ta ló bi òyìnbó kankan léèrè kó tó rà á? Àwọn IGN, oníwèé ìròyìn géèmù òyìnbó kan, tiẹ̀ fún FIFA 21 ti ẹ̀rọ Nintendo Switch ní 2 nínú 10, wọ́n ní ti ọdún tó ṣáájú náà ni wọ́n kàn pààrọ̀ jẹ́sì fún, wọ́n sì tún rifíù ọdún tó ṣáájú gbé jáde fún un torí kò sí nǹkan tuntun láti sọ. Ó pa mí lẹ́rìn-ín gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí PES, géèmù bọ́ọ̀lù kejì, di eFootball lọ́dún 2021, ẹnu ni wọ́n fi pa á kú lórí Steam, ṣọ́ọ̀bù géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ àwọn kan wà lọ́dọ̀ mi tó jẹ́ pé tí wọ́n bá rí EA nínú ẹ̀rọ, wọn ò ní jókòó. Bọ́ọ̀lù, a ti mọ̀ ọ́n, a ò nílò kẹ́nì kan júwe ẹ̀ fún wa. Ibi tá ò bá ti mọ géèmù rí ni máàkì ti ń mú wa. Among Us náà, ọdún 2018 ló jáde, 2020 làwọn ọmọ wọ̀nyí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pariwo ẹ̀, kì í ṣe oníwèé ìròyìn ló sọ fún wọn, àwọn tó ń gbá géèmù lórí ẹ̀rọ ayélujára táyé ń wò ni. Ọ̀fẹ́ nìyẹn lórí fóònù ṣá. Tó bá di ohun tá a máa ná 38,000 lé lórí, 91 ni wọ́n máa fi hàn wá.

Ẹ wò ó, àwọn tó ń fúnni ní máàkì yẹn, kì í ṣe ilé wa ni wọ́n ti ń gbá a. Iná wọn kì í lọ. Wáìfáì wọn ń sáré bí ọkọ̀ Èkó lálẹ́. Wọn ò ní sọ iye dátà tó máa jẹ fún yín. Mo tún un sọ, wọn ò ní sọ iye dátà tó máa jẹ! Call of Duty: Modern Warfare II tó jáde lọ́dún 2022, ohun tó wà lójú sídì PS5 ẹ̀ ò tó 100MB, ìyókù ẹ fi dátà fà á wálẹ̀. Sídì ofìfo! Bí ẹni ra ìgò òróró tó délé tó bá ẹ̀kán kan ṣoṣo nísàlẹ̀ ìgò. Ta ló yọ máàkì nítorí ìyẹn?

Ẹ rántí géèmù Cyberpunk 2077. Ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 2020 ló jáde. Ti kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n fún àwọn tó ń ṣe rifíù kí ọjọ́ títà tó pé, kọ̀ǹpútà olówó ńlá, máàkì sì ń rọ̀ bí òjò, 9 nínú 10, 10 nínú 10. Àwọn tó ní PS4 bíi tiwa rà á, wọ́n rí jìbìtì, èèyàn ń rìn láìlójú, ẹ̀rọ ń kú lójijì. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Sony tó ṣe PS4 fi yọ ọ́ kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù wọn orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì ní ẹni tó bá fẹ́ kó wá gbowó ẹ̀ padà. Oṣù Kẹfà 2021 ló tó padà síbẹ̀. Àwa tá a ra sídì lọ́wọ́ ẹni tó gbé tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ títì ńkọ́? Ta la máa gbowó lọ́wọ́ ẹ̀?

Owó náà tún wà níbẹ̀. Lọ́dún 2007, GameSpot, oníwèé ìròyìn géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, lé Jeff Gerstmann tó ń kọ rifíù fún wọn kúrò níṣẹ́ láìpẹ́ lẹ́yìn tó fún Kane & Lynch ní 6 nínú 10, ìgbà yẹn gan-an sì ni ìpolówó géèmù kan náà kún ojú ìwé wọn. Ọdún 2012 ló tó ráàyè sọ tẹnu ẹ̀ ní gbangba. Ẹnu tó bá jẹ dòdò ò lè sọ òdodo, àbí? Àwọn tó ṣe géèmù Fallout: New Vegas lọ́dún 2010 ńkọ́, àdéhùn wọn ni pé tó bá gba 85 lórí Metacritic, ìkànnì tó ń kó máàkì gbogbo àwọn oníwèé ìròyìn pọ̀ di ẹyọ kan, wọ́n á gba owó ìmoore lé e. 84 ló gbà. Máàkì kan! Owó fò. Tí nọ́ńbà yẹn bá lè gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn tó ṣe géèmù fúnra wọn, ẹnì kan wá ń sọ fún mi pé kò lágbára lórí èmi tí mo dúró ní Dùgbẹ̀.

Ní tàwọn tó wà lọ́fíìsì ìjọba, tí wọ́n ní iṣẹ́ àwọn ni láti dáàbò bo oníbàárà, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń jẹ tí wọ́n fi ń sùn báyìí. Ẹ máa rí wọn tó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n á wọ léèsì wá, wọ́n á ní géèmù ló máa gba àwọn ọ̀dọ́ wa là, wọ́n á ya fọ́tò pẹ̀lú pádì tí wọ́n dì mú lódìlódì. Ọjọ́ kejì ẹ ò ní rí ẹyọ kan nínú wọn lọ́jà. Kò sẹ́ni tó bi ọlọ́jà pé kí ló wà nínú sídì tó ń tà. Kí wọ́n kéré tán ṣòfin pé ẹni tó bá ra sídì lè dá a padà láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Àmọ́ ẹ̀yin gan-an lọ̀rọ̀ mi kàn, olóòtú. Ẹ fún wa lójú ìwé kan, ìdajì náà tó, lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tẹ́ ẹ máa ń kọ èsì bọ́ọ̀lù sí. Kí ẹ wá ẹnì kan tó máa gbá géèmù lórí PS4 tòkunbọ̀, nínú yàrá kan ní Mọ́kọ́lá tàbí Ṣángo, pẹ̀lú dátà tó fowó ara ẹ̀ rà, kí ẹ má jẹ̀ẹ́ kó gba géèmù ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó fún géèmù kankan ní máàkì rárá. Kó kàn dáhùn: GB mélòó ló máa fà wálẹ̀, owó dátà yẹn sì jẹ́ èló lọ́sẹ̀ yìí? Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì? Pádì mélòó ló ń gbà? Tí NEPA bá mú iná láàárín, ṣé ibi tá a dé la máa bá a, àbí a máa bẹ̀rẹ̀ láti orí? Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ẹ dákun ẹ má yọ ọ́, ọmọ kan sunkún lọ́dọ̀ mi lọ́dún tó kọjá, ó ti gbá a fún wákàtí mẹ́rin, iná lọ, gbogbo ẹ̀ ṣòfò, mo ní láti dá owó ẹ̀ padà fún un kó tó lè dákẹ́. Kẹ́ni yẹn kọ ọ́ ní Yorùbá tí ọlọ́jà náà lè kà, torí tá a bá gé e nínú ìwé ìròyìn, táwa náà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, tí bọ̀bọ́ yẹn bá fi 91 hàn mí, èmi náà á fi tèmi hàn án. Tẹ́ ẹ bá ń wá ẹni tó máa ṣe é, mo ní sítúdẹ́ǹtì méjì tó máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn gan-an ni wọ́n ń dá mi lẹ́jọ́ jù látọjọ́ Ajé.

Sídì náà ṣì wà lórí tẹlifíṣọ̀n mi pẹ̀lú páálí ẹ̀. Mo gbé e padà lọ sí Dùgbẹ̀ lánàá, bọ̀bọ́ yẹn ní 15,000 lòun lè fi gbà á, mo ní ṣé kì í ṣe 91 kan náà ni, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ó ti di tòkunbọ̀ nìyẹn." Ẹni tó bá fẹ́ràn kó máa rìn nínú igbó ní òun nìkan, kó wá sí Agbowó, 25,000 ni mo fẹ́ gbà, kó mú dátà tiẹ̀ dání.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n Onígéèmù,
Agbowó, Ìbàdàn.