Owó Kọ́ La Fẹ́ Gbà, Ilẹ̀ Ni

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi rà lẹ́yìn odi Ìbàdàn ní 2015 ló mú mi kọ̀wé yìí. Mílíọ̀nù 2.5 náírà ni wọ́n nájà rẹ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n mi san mílíọ̀nù 2 lójú ẹsẹ̀, lọ́yà kọ ìwé àdéhùn, onílẹ̀ tẹ̀ka sí i, èmi náà sì fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n dá fún ìyókù. Oṣù náà ò tíì pé mẹ́fà tá a fi kó owó náà lọ bá baba onílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Kò tiẹ̀ wo àpò owó náà. Ó ní títì ọ̀dà ń bọ̀ lágbègbè náà, ẹlòmíì ti fẹ́ san ìlọ́po méjì, ká wá gba owó wa.

A ò gbà. A gbé e lọ sí kóòtù, kí adájọ́ lè pàṣẹ pé kó gba ìyókù owó rẹ̀, kó sì fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ fún wa. Adájọ́ àkọ́kọ́ gba ìgbéga lọ sí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ìkejì bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ látilẹ̀. Látìgbà náà, ìsúnsíwájú lórí ìsúnsíwájú.

Ohun tó ń dùn mí jù ni báwọn èèyàn ṣe ń sọ pé, "Ẹ ṣáà gba owó yín." Owó wo? Ní 2015, àpò sìmẹ́ńtì kan ò tó 2,000 náírà. Lónìí ó ti ju 7,000 lọ. Ẹni tó yẹhùn ló máa jèrè, ẹni tó dúró ti àdéhùn ló máa gbòfò. Òfin gan-an mọ̀ pé ilẹ̀ kì í ṣe àpò ìrẹsì téèyàn lè rí irú ẹ̀ rà ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Ìdí nìyẹn tí kóòtù fi lágbára láti ní kí ẹni tó tà á parí ohun tó bẹ̀rẹ̀.

Àwíjàre tí onílẹ̀ wá gbé dìde báyìí ni pé gómìnà ò tíì fọwọ́ sí títà ilẹ̀ náà, bí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ṣe là á sílẹ̀. Lóòótọ́, ní 1989, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ gba irú àwíjàre yìí wọlé nínú ẹjọ́ ohun ìdúró tí Savannah Bank gbà lọ́wọ́ ẹni tó yáwó. Ṣùgbọ́n ní 1995, nínú ẹjọ́ iléeṣẹ́ Awojugbagbe Light Industries, ilé ẹjọ́ yẹn kan náà ṣàlàyé pé òfin ò ní kí ẹni méjì má kọ́kọ́ ṣàdéhùn kí wọ́n tó lọ wá ìyọ̀ǹda gómìnà. Ta ló sì yẹ kó wá a? Ẹni tó ń tà ni.

Mo bẹ ẹ̀yin adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ wa: ẹjọ́ tí ìwé àdéhùn wà nílẹ̀, tí owó wà nílẹ̀, kò yẹ kó lò ju ọdún méjì lọ. Ẹ má jẹ́ kó máa padà síbẹ̀rẹ̀ nígbàkigbà tí adájọ́ bá ṣípò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ra ilẹ̀ lọ́wọ́, ẹ tọ́jú ìwé báńkì yín. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi ẹ̀gbọ́n mi ní kóòtù ni pé, ṣé ìyókù owó náà wà? Ìwé báńkì ló bá a fèsì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gba ibi ilẹ̀ náà kọjá. Bíkóònù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn òpó ààlà ilẹ̀, tí wọ́n rì fún wa ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ẹnì kan ti da típà yanrìn méjì sí àárín wọn.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn