Lẹ́tà Ìparí Sáà Kejì sí Àwọn Òbí: Àwòrán Àfọwọ́yà ní Ẹ̀ka Ìṣètò Inú Ilé

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì dúpẹ́ fún sùúrù tí ẹ fi bá wa lò ní sáà tó parí yìí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nínú lẹ́tà yìí, ìyẹn àwòrán tí àwọn ọmọ ń fi ọwọ́ yà ní ẹ̀ka ìṣètò inú ilé. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti béèrè pé kí ló dé tí ọmọ tó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń ṣètò yàrá fi ń lo odidi sáà lórí pẹ́ńsù àti bébà, nígbà tí kọ̀ǹpútà lè ya ilé kan tán láàárín wákàtí díẹ̀. Ìbéèrè náà tọ́, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé kọ̀ǹpútà lè ya ohun tí ọmọ bá ti rí, ṣùgbọ́n kò lè bá a rí i. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a gbé àga kan síwájú àwọn ọmọ, a ní kí wọ́n yà á. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ya àga tó wà lọ́kàn wọn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gùn dọ́gba, bẹ́ẹ̀ sì ni láti ibi tí wọ́n jókòó sí, ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ló hàn, tí ti ẹ̀yìn sì kúrú lójú ju tiwájú lọ. Olùkọ́ wọn kò bá wọn wí. Ó ní kí wọ́n gbàgbé àga, kí wọ́n ya àlàfo tó wà láàárín àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan. Nítorí pé kò sí ẹni tó ti ní àwòrán àlàfo lọ́kàn tẹ́lẹ̀, dandan ni kí wọ́n wò ó dáadáa, àga tó sì jáde lẹ́ẹ̀kejì jọ àga ní tòótọ́. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà; n kò mọ iṣẹ́ mìíràn tí ọ̀rọ̀ náà bá mu tó èyí.

Lẹ́yìn èyí ni a wọ inú ìwọ̀n. Pláànù, ìyẹn àwòrán yàrá bí ẹni pé a ń wò ó láti òkè, tí a bá yà ní 1:50 túmọ̀ sí pé sẹ̀ǹtímítà kan lórí bébà dúró fún àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà nínú yàrá, tí ògiri mítà 4 yóò fi gba sẹ̀ǹtímítà 8 péré. Ọmọ kan gbé bẹ́ẹ̀dì sí igun yàrá tó yà, ó sì dára lójú, àfi ìgbà tó fi kọ́ńpáàsì ya ipa tí ilẹ̀kùn ń tọ̀ bó bá ń ṣí ló rí i pé ilẹ̀kùn náà yóò gbá bẹ́ẹ̀dì kí ó tó ṣí dé ìdajì. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi rí àṣìṣe náà, kò sì jọ pé yóò tún ṣe irú rẹ̀ mọ́ láéláé.

Ibi tí ẹsẹ̀ wọn kò tíì múlẹ̀ ni yíya yàrá bí ojú ṣe ń rí i, níbi tí àwọn ìlà ilẹ̀ àti ti àjà tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn ti máa ń sún mọ́ra títí wọn yóò fi pàdé ní àmì kan. Ìmọ̀ àtayébáyé ni: ayàwòrán ilé Filippo Brunelleschi fi í hàn ní ìlú Florence ní Ítálì ní nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn, òǹkọ̀wé Leon Battista Alberti sì ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ní 1435. Àmì tí wọ́n ti pàdé yẹn gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà tó ga tó ojú ẹni tó ń wò, ìlà náà sì máa ń tó mítà kan àbọ̀ láti ilẹ̀ bí ẹni náà bá wà lórí ìdúró. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń gbé ìlà yìí sókè ju bó ti yẹ lọ, tí yàrá wọn fi dà bí èyí tí a ń wò láti orí àjà. A ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ní sáà tó ń bọ̀ ṣe èyí nìkan, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà yóò tó wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí pé òun gan-an ni àwọn tó ń jẹun nínú iṣẹ́ yìí máa ń sọ fún wa. Bí oníṣẹ́ bá jókòó ti onílé, tó fi ìṣẹ́jú méjì ya ibi tí kọ́bọ́ọ̀dù yóò wà, onílé lè sọ pé òun kò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kí a sì ya òmíràn lójú ẹsẹ̀. Àwòrán kọ̀ǹpútà tó ń dán gbinrin kì í gba irú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó ń wò ó yóò rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ní ti ohun èlò, ẹ má ṣe náwó púpọ̀. Pẹ́ńsù 2H fún ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ tí a kọ́kọ́ ń fà, HB fún iṣẹ́ gbogbogbòò, 4B fún òjìji, ó tán. Ẹ gba àwọn ọmọ níyànjú kí wọ́n dín rọ́bà ìpàwérẹ́ kù, kí wọ́n fa ìlà tó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí kò tọ́, kí wọ́n má sì ya ojú ewé tí kò dára kúrò nínú ìwé, nítorí ibẹ̀ gan-an ni olùkọ́ ti ń mọ bí ọmọ ṣe ń tẹ̀ síwájú. Mo sì fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bá wọn yà á. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní sáà yìí, ìlà ọwọ́ àgbàlagbà kò sì ṣòro láti dá mọ̀.

Iṣẹ́ ìsinmi wọn ni pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi téèpù wọn ìwọ̀n yàrá kan nínú ilé, kí ó ya pláànù rẹ̀ ní 1:50, kí ó ya ògiri rẹ̀ kan ní 1:20, kí ó sì ya igun kan nínú rẹ̀ láìlo rúlà. A ó gbà á ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a bá wọlé. Ẹnì kan ní láti bá ọmọ di ìpẹ̀kun kejì téèpù náà mú. Ibẹ̀ ni a ti nílò yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́