Ìjàpá méjì tí mo tà

Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá.

Àlàbí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o. Ìyá Bọ́lá ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tiwa le níbí, òtútù ló kàn ti dé.

O ní àbúrò rẹ tó wà ní Birmingham fẹ́ ra Ìjàpá kan, ọkọ̀ Volkswagen Beetle yẹn, tí yóò máa wà, kó tún ra òkú ọkọ̀ kan tí ẹ ó máa tú ẹ̀yà ara rẹ̀ fún Ìjàpá Bàbá tó wà nílẹ̀ ní Mọ́kọ́lá. Inú mi dùn sí i gan-an. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ta méjèèjì tèmi lóṣù tó kọjá ni, mo sì fẹ́ kó mọ̀ pé ojú tí òfin ibí fi ń wo ọkọ̀ tó ń rìn kọ́ ló fi ń wo òkú ọkọ̀.

Èyí tó ń rìn, ọdún 1972 ni wọ́n ṣe é. Ọkọ̀ tó bá ti lé ní ogójì ọdún kì í san owó orí ọkọ̀ mọ́. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2018, bí wọn kò bá ti yí i padà kọjá ààlà, kò pọn dandan kó ṣe àyẹ̀wò MOT mọ́, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọkọ̀ yẹ lójú títì. Àwọn kan rò pé bó ṣe wù kó rí làwọn lè tà á nìyẹn. Rárá o. Òfin ìrìnnà ọdún 1988 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ pé kéèyàn ta ọkọ̀ tí kò yẹ kó bọ́ sójú títì, àfi tí ẹni tó ń tà á bá nídìí láti gbà pé wọn ò ní wà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mẹkáníìkì gbé bátìrì kúrò lábẹ́ àga ẹ̀yìn, ìpẹta ti jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ débi pé mo ń rí kọnkéré nísàlẹ̀. A fi irin jó ojú ihò náà pa kí n tó polówó rẹ̀.

Bí a ti dúnàádúrà tán, mo fi tó DVLA, àjọ tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ní Swansea, létí, mo sì já abala ẹni tuntun lára V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, fún ẹni tó rà á. Òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ fún owó orí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní san kọ́bọ̀. Kí àbúrò rẹ má sì gbàgbé: V5C kì í ṣe ẹ̀rí pé èèyàn ló ni ọkọ̀. Kó gba rìsíìtì.

Òkú ọkọ̀ náà ló fún mi níṣẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ tó wá kò wo ẹ́ńjìnnì rárá. Ìwé àti nọ́ńbà nìkan ló fẹ́, kó lè gbé e wọ ọkọ̀ mìíràn, owó tó sì fẹ́ san ju ti odidi ọkọ̀ lọ. Mo gbé àga ẹ̀yìn, mo tan iná sí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin ṣááṣì, mo ní, “Èyí nìkan ni ìwé yìí ń jẹ́rìí fún.” Jìbìtì gbáà ni ohun tó ń wá. Ó bínú lọ. Ẹni tó rà á níkẹyìn fi tírélà kékeré gbé e, a sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé títú ni ó wà fún, kì í ṣe wíwà.

Bí ẹ bá tú ti yín tán, ẹ má gbé bọ́dì tó kù fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ san owó lọ́wọ́. Òfin ọdún 2013 ní kí àwọn onírin àlòkù má sanwó lọ́wọ́ ní England àti Wales. Ibi tí ìjọba fún ní àṣẹ ni kí ẹ gbé e lọ, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti fọ́ ọ.

Mo ti yọ ilẹ̀kùn òsì àti gíáàbọ́ọ̀sì pamọ́ fún Bàbá kí n tó tà á, mo sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé wọn kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ọdún kan kì í fìgbà gbogbo bá ti òmíràn mu. Jọ̀ọ́, gbé àga ẹ̀yìn ọkọ̀ Bàbá, nu eruku kúrò lójú nọ́ńbà ṣááṣì rẹ̀, èyí tí a ó fi mọ ọdún tí wọ́n ṣe é, kí o kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi kí àbúrò rẹ tó wá gbé ẹrù.

Èmi ni,
Adéwálé