Ẹ má gbé ìgbálẹ̀ lé àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìwọlé

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù Kẹsàn-án ti dé, iléèwé fẹ́ẹ́ wọlé, àwa òbí sì ti ń ra ìwé àti bàtà kiri Ọjà Ọba níbí ní Àkúrẹ́. Ọ̀pọ̀ iléèwé ló tún ti ní kí àwọn ọmọ mú àdá àti ìgbálẹ̀ dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ti àdá kò dùn mí jù, ìta gbangba ni wọ́n ti ń roko. Gbígbá inú kíláàsì ló ń bà mí lẹ́rù.

Láti ìparí oṣù Keje ni wọ́n ti ti kíláàsì náà pa. Gbogbo òjò tó rọ̀ láti ìgbà náà ń gba ojú páànù tó lu wọlé, ó rin àjà, ó rin ògiri, fèrèsé kan kò sì ṣí tí atẹ́gùn yóò fi gbẹ ẹ́. Búrẹ́dì tí a so mọ́nú ọ̀rá kì í pẹ́ bu. Bẹ́ẹ̀ náà ni pákó àjà tó rin. Àbàwọ́n dúdú àti aláwọ̀ ewé tí a ń rí lókè yẹn, èbu ni, ẹbí olú. Aspergillus, Penicillium àti Cladosporium wà lára àwọn tí wọ́n sábà máa ń rí nírú ibẹ̀. Hóró irúgbìn Aspergillus kò tó ìdá kan nínú ìdá 100 mílímítà. Bí ìgbálẹ̀ bá ti rú u sókè, ó lè máa fò nínú yàrá fún wákàtí mélòó kan kó tó balẹ̀, ọmọ tó gbálẹ̀ láàárọ̀ ni yóò sì jókòó síbẹ̀ mí i sínú. Ẹlòmíì lè sín lásán kó sì parí síbẹ̀. Ti ọmọ tó ní ikọ́ fée, ìyẹn ásímà, kì í parí síbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ àbúrò mi ní in. Kò sí ìgbà tí ọkàn ìyá rẹ̀ kì í balẹ̀ bíi ọ̀sẹ̀ ìwọlé.

Bakitéríà ní tirẹ̀, ara àwa èèyàn ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá: láti awọ ara, láti inú ikọ́ àti sísín. Nínú èèyàn mẹ́wàá, bíi mẹ́ta ló ń gbé ọ̀kan nínú wọn, Staphylococcus aureus, kiri nímú láìṣàìsàn. Ibí ni mo ti fẹ́ bá àwọn òbí tó ń sanwó gọbọi nítorí kíláàsì oní-éésì sọ̀rọ̀. Éésì tí wọ́n gbé kọ́ ògiri yẹn kì í fa atẹ́gùn tuntun wọlé láti ìta. Èyí tí àwọn ọmọ ti mí síta ló ń mú tutù, tó ń dá padà fún wọn. Iléèwé ìjọ àtijọ́ tó ní àjà gíga, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú síra lọ́tùn-ún lósì, sàn jù ú lọ, kí ẹni tó fẹ́ bínú máa bínú.

Lọ́dún 2009, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, tẹ ìlànà jáde lórí ọ̀rinrin àti èbu inú ilé. Wọn kò dá iye kankan pé bó bá dé ibí, ó ti pọ̀ jù. Wọ́n ní kí a má jẹ́ kí ọ̀rinrin ráyè dúró ni. Nítorí náà, kò sídìí láti dúró de ẹni tí yóò wá ka èbu kí a tó dí páànù. Ṣùgbọ́n inú mi yóò dùn bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máíkróbáyọ́lọ́jì, ìmọ̀ nípa kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, ní yunifásítì FUTA bá lè ṣí àwo agar wọn, àwo oúnjẹ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń hù lórí rẹ̀, sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ nínú kíláàsì kan, kí àwọn ọmọ SS2 wá fojú ara wọn rí ohun tó hù lórí rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

Àwọn iléèwé kan, ọ̀dà ni wọ́n ń sáré kùn kí òbí tó dé. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá (làpálàpá gan-an sì rèé, ẹbí èbu yìí kan náà ni). Omi ṣì ń jò lẹ́yìn ọ̀dà. Pákó àjà tó ti bu, yíyọ ni kí wọ́n yọ ọ́ dànù, torí èbu ti wọnú rẹ̀. Ògiri onísìmẹ́ńtì ni ọṣẹ àti omi lè ràn, bó bá gbẹ dáadáa lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́sẹ̀ yìí kò tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìwọlé. Kí àgbàlagbà tó fi nǹkan bo imú wọ́n omi sílẹ̀, kó wá gbá a nírọ̀lẹ́ tí ọmọ kankan kò sí nítòsí. PTA ń gbowó ayẹyẹ ìparí ọdún lọ́wọ́ wa. Kí wọ́n yọ owó alágbàṣe méjì níbẹ̀, n kò ní jiyàn.

Èmi ni tiyín,
Òbí kan,
Òkè-Àró, Àkúrẹ́.