Ẹ má wó ẹ̀yìnkùlé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ilé ẹbí wa kan ló dìjà sílẹ̀, mo sì fẹ́ kí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ bá wa dá sí i.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ tọ́jú ọmọ mi tó bímọ sí South Carolina, lápá gúúsù Amẹ́ríkà. Nígbà tí ìkókó pé oṣù méjì, àna mi ní omi ìwẹ̀ tí mo ń gbé kaná ti tó, kí n jáde kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí mi. Ó wà wá lọ sí Charleston, ìlú etí òkun, ó mú mi wọ ilé kan tí wọ́n ń pè ní Aiken-Rhett House. Ọdún 1820 ni wọ́n kọ́ ọ. William Aiken, tó jẹ gómìnà ìpínlẹ̀ náà láyé ọjọ́un, ló wá fẹ̀ ẹ́ sí i.

Mo ti rò pé máa rí ibi tó ń dán. Kò dán rárá. Bébà ara ògiri ń ṣí wálẹ̀ bí èèpo iṣu. Mo bi àna mi bóyá owó ló tán lọ́wọ́ wọn. Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, owó ò tán o, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ni." Àjọ tó rà á lọ́dún 1995 kò jẹ́ kó wó, àmọ́ wọn ò sọ ọ́ di tuntun.

Ẹ̀yìnkùlé ló wá pa mí lẹ́nu mọ́. Ilé ìdáná àti ibi ìfọṣọ wà nísàlẹ̀, yàrá àwọn ẹrú wà lókè, ilé ẹṣin kọjú sí wọn. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fún mi fi sétí ń dárúkọ àwọn tó sùn níbẹ̀: Ann Greggs àti Henry ọmọ rẹ̀, Dorcas àti Sambo Richardson. Aiken olówó ní ẹrú tó lé ní 700 lóko ìrẹsì rẹ̀ ní erékùṣù Jehossee, àmọ́ orúkọ Dorcas ni mo gbé wálé, kì í ṣe tirẹ̀.

Torí ilé tiwa ní Òkèlérin ni mo ṣe ń sọ èyí. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ ni bàbá bàbá mi kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, yàrá mẹ́rin tò tẹ̀ léra, ilẹ̀kùn wọn kúrú débi pé àgbà ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyá arúgbó kan ń gbé yàrá ìkẹyìn. Ìyá Ẹ̀yìnkùlé là ń pè é. Ọlọ rẹ̀ ti jẹ nínú bí igbá. Wọ́n ní ká máa kúnlẹ̀ kí i, ká má sì bi í níbi tó ti wá. Àwọn kan ní ìwọ̀fà ni, àwọn kan ní ẹrú ni. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, n ò mọ orúkọ àbísọ rẹ̀.

Báyìí, ẹbí ti dáwó láti tún ilé ṣe. Wọ́n á lẹ táìlì síwájú (èyí kò wù mí, àmọ́ mo ti gbà), wọ́n á gbé fọ́tò Bàbá kọ́ kí àlejò lè máa wò ó. Yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n fẹ́ wó, kí wọ́n lè gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ síbẹ̀.

Bọ̀dá mi àgbà ní ìtìjú ni irú ibẹ̀ yẹn, pé Onítẹ̀bọmi ni wá. Èmi náà Onítẹ̀bọmi ni mí, ìtàn ni mo sì fi kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bowen tó mú ìhìn rere dé Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 1855, ará Georgia ni. Ìjọ tó rán an, ní Augusta ní Georgia náà ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1845, nígbà tí àwọn Onítẹ̀bọmi àríwá Amẹ́ríkà kọ̀ kí ẹni tó ní ẹrú máa ṣe míṣọ́nnárì. Ta ló wá fẹ́ tijú ta?

Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún kànga sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, àyè wà níbẹ̀. Kí wọ́n fi páànù bo àwọn yàrá náà kí òjò má baà wó wọn. Kí ọlọ wà níbi tó wà.

Sátidé tó ń bọ̀ ni ìpàdé ẹbí. Bí ẹ bá lè tẹ lẹ́tà yìí jáde kó tó dọjọ́ náà, máa dúpẹ́. Bọ̀dá mi kì í gbọ́ tèmi, àmọ́ kì í jẹ́ kí ìwé ìròyìn yín fò ó.

Èmi ni,
Ìyá Tíṣà,
Òkèlérin, Ògbómọ̀ṣọ́.